Àbúrò mi fẹ́ máa gbá básíkẹ́ẹ̀tì jẹun láti ìlú dé ìlú: kí la gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó fọwọ́ síwèé?

Ẹ̀gbọ́n Agbábọ́ọ̀lù, Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àbúrò mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yunifásítì ní Amẹ́ríkà, bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ló fi kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Gíga rẹ̀ tó 203 sẹ̀ǹtímítà. Nígbà tí draft NBA dé, ìyẹn ètò tí àwọn ẹgbẹ́ líìgì ńlá Amẹ́ríkà fi ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun, kò sẹ́gbẹ́ tó pe orúkọ rẹ̀. Ní báyìí, ẹgbẹ́ kan tó wà ní ìpele kejì ní Sípéènì ní àwọn fẹ́ ẹ fún sáà kan. Yúrò 1,800 lóṣù ni wọ́n dárúkọ, pẹ̀lú ilé àti oúnjẹ ọ̀sán.

Bàbá wa ní kó jókòó gba dìgírì kejì, pé ọkùnrin tó ń kó ẹrù kiri lọ́dọọdún kò ní fìdí múlẹ̀ níbì kankan. Màmá wa ò fẹ́ gbọ́ Sípéènì, NBA ni wọ́n ń gbààwẹ̀ lé lórí. Èmi àkọ́bí ni wọ́n ní kí n lọ wádìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀nà yìí, ẹ jọ̀ọ́: ṣé iṣẹ́ téèyàn lè fi tọ́mọ ni? Kí la máa wò nínú ìwé àdéhùn? Aṣojú tó mú ọ̀rọ̀ wá ń kán wa lójú, ó ní lọ́jọ́ Ẹtì yìí ni kó fọwọ́ sí i.

Ọmọ Rowe Park, Yábàá

Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ gidi ni. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú ẹni tó fìdí rẹmi wo ọmọ yẹn torí pé NBA ò pè é.

Ìbàdàn yín níbẹ̀ ni wọ́n ti bí Olumide Oyedeji lọ́dún 1981. Ó gbá ní Würzburg ní Jámánì, kí Seattle SuperSonics tó mú un nínú draft ọdún 2000, òun ni ẹni kejìlélógójì tí wọ́n pè. Sáà méjì ló lò ní Seattle, ọ̀kan ní Orlando, NBA sì parí fún un ní 2003, nígbà tí kò tíì ju ọmọ ọdún méjìlélógún lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń bá ìtàn rẹ̀ dé, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ó gbá ní Ṣáínà. Ó gbá ní Kòríà, ó wà nínú ikọ̀ Seoul Samsung Thunders tó gba ife líìgì ní 2006. Ó tún dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tí D'Tigers, ikọ̀ ọkùnrin Nàìjíríà, wá lọ sí Òlíńpíìkì fún ìgbà àkọ́kọ́, ní London lọ́dún 2012, òun ni balógun wọn. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn NBA! Kì í ṣe pé ó mọ bọ́ọ̀lù ọ̀ọ́kán jù ju àwọn yòókù lọ. Bọ́ọ̀lù tó bá ta padà lára irin apẹ̀rẹ̀ ni tirẹ̀, kò sì síbi tí wọ́n ti ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì láyé tí wọn ò ti ní í wá ẹni tó máa já irú bọ́ọ̀lù yẹn gbà.

Ní ti kíkó ẹrù kiri tí Bàbá ń sọ, inú NBA pàápàá ó wà. Al-Farouq Aminu tó gbá fún Nàìjíríà, ẹni kẹjọ ni wọ́n pè nínú draft 2010. Clippers lo ó fún sáà kan, wọ́n sì kó o mọ́ àwọn tí wọ́n fi pààrọ̀ Chris Paul. Ó di New Orleans, ó di Dallas, ó di Portland, ó di Orlando, ó di Chicago. Ẹni tí wọ́n jọ gbá ní Wake Forest, Ish Smith, wọn ò pe tiẹ̀ rárá lọ́dún yẹn. Ẹgbẹ́ mẹ́tàlá ló gbá fún ní NBA, kò sẹ́ni tó tíì tó o. Ìkẹtàlá yẹn, Denver, ló ti gba ife ní 2023.

Bàbá Àkúrẹ́

Mo kí gbogbo yín. Mi ò lòdì sí bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n àwọn tó jàjà rí ṣe lẹ ń dárúkọ fún ẹ̀gbọ́n yìí. Àwọn tó padà wálé pẹ̀lú orúnkún tó ti wó, tí wọn ò lówó, tí wọn ò níwèé, ta ló ń kọ ìtàn tiwọn? Bàbá rẹ̀ ò sọ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ọmọ ọdún méjìlélógún lè kàwé, ẹni ọdún márùndínlógójì tó ní ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta, kíkàwé á nira fún un.

Ọmọ Rowe Park, Yábàá

Bàbá, ẹ jàre níbi tẹ́ ẹ ti dárúkọ orúnkún. Ṣùgbọ́n ara ọmọ ọdún méjìlélógún kì í dúró de ẹnikẹ́ni, dìgírì kejì sì máa wà níbẹ̀. Yunifásítì tó ń kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti pọ̀, òfìfo sì ni ọ̀sán agbábọ́ọ̀lù láàárín ìdánrawò àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́. Ó lè ṣe méjèèjì.

Kí Màmá náà fọkàn balẹ̀. Ẹni tó lọ sí Yúróòpù ò tíì ti ilẹ̀kùn NBA. Ekpe Udoh, ẹni kẹfà nínú draft 2010, kúrò níbẹ̀ lọ sí Fenerbahçe ní Tọ́kì. Wọ́n gba EuroLeague, ìdíje ẹgbẹ́ tó ga jù ní Yúróòpù, ní 2017, òun ni wọ́n fi ṣe agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù níbi àṣekágbá, Utah sì mú un padà sí NBA lọ́dún yẹn náà.

Lọ́yà Ìkẹjà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́kọ́ gbàgbé ọjọ́ Ẹtì. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ẹ tọkàntọkàn á dúró dọjọ́ Ajé. Ẹni tó ń kán yín lójú ò fẹ́ kẹ́ ẹ kàwé náà dáadáa ni.

Aṣojú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. FIBA, àjọ tó ń darí básíkẹ́ẹ̀tì lágbàáyé, máa ń fún àwọn aṣojú ní ìwé àṣẹ, orúkọ wọn sì wà lórí ìkànnì FIBA fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Bí ẹ ò bá rí tirẹ̀, ẹ dá ọ̀rọ̀ dúró. Owó iṣẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó àdéhùn lọ. Ní Yúróòpù, ẹgbẹ́ ló sábà máa ń san án, lọ́tọ̀ sí owó oṣù. Ẹ jẹ́ kí ó wà lákọsílẹ̀ ẹni tó máa san án.

Lẹ́yìn náà, ẹ bèèrè bóyá yúrò 1,800 yẹn jẹ́ ohun tó máa wọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ owó orí, àbí kí wọ́n tó yọ ọ́. Ẹ bèèrè oṣù mélòó. Sáà kì í kárí ọdún. Ẹlòmíràn máa ń gba owó oṣù mẹ́jọ, ẹlòmíràn mẹ́wàá, ìyókù nínú ọdún, àpò ara ẹni ni. Kí ìwé náà dárúkọ tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú àlọ àti àbọ̀, kó dárúkọ ìbánigbófò ìlera, kó sì sọ ẹni tó ń san owó iná àti omi ilé tí wọ́n fún un.

Ibi tó ti ń ta àwọn ọmọ wa lẹ́sẹ̀ jù nìyí: àyẹ̀wò ara àti àkókò ìdánwò. Ìwé tó dáa á sọ pé tó bá ti dé, wọ́n á yẹ ara rẹ̀ wò láàárín ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, tó bá sì ti yege, owó sáà náà ti di tirẹ̀, ì báà fara pa, ì báà jẹ́ pé akọ́nimọ̀ọ́gbá ò fẹ́ràn rẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn máa fi ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan wò ó ná, ó túmọ̀ sí pé wọ́n lè dá a padà lọ́jọ́kọ́jọ́ láìsan kọ́bọ̀.

Èyí tó kù, ẹ fi ọ̀pá ìdíwọ̀n yìí wọn ìwé náà: ṣé BAT wà nínú rẹ̀? FIBA dá ilé ẹjọ́ ìlàjà yìí sílẹ̀ ní 2007, Geneva ló wà. Onídàájọ́ kan ṣoṣo ló ń gbọ́ ẹjọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ, ẹ ò sì ní láti wọkọ̀ lọ síbẹ̀, ìwé lẹ ó máa fi ránṣẹ́. Bí ẹgbẹ́ bá jẹ̀bi tó kọ̀ tí kò sanwó, FIBA lè ní kó má forúkọ agbábọ́ọ̀lù tuntun sílẹ̀ mọ́. Ìyẹn ló ń dẹ́rù bà wọ́n. Ṣùgbọ́n wọn ò lè gbọ́ ẹjọ́ yín bí àdéhùn kò bá sọ pé ọ̀dọ̀ BAT ni ẹ ó gbé aáwọ̀ lọ. Láìsí i, kóòtù abẹ́lé ní Sípéènì ni, ní èdè Sípéènì, pẹ̀lú lọ́yà tẹ́ ẹ máa fowó ara yín gbà.

Ọmọ Àjàṣẹ́, Kútọnu

Ẹ ṣeun, Lọ́yà. Mo fẹ́ fi ohun kan kún un tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará wa ní Nàìjíríà ò mọ̀. Páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà tí ọmọ yẹn mú dání níye lórí gan-an ní Sípéènì àti Faransé. Ìlú wa níbí, Kútọnu, ni wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn láàárín Yúróòpù àti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, Kàríbíánì àti Pàsífíìkì ní 2000. Torí àdéhùn yẹn ni líìgì ní Sípéènì àti Faransé fi ń gba ọmọ àwọn orílẹ̀-èdè wọ̀nyí láìkà wọ́n mọ́ àjèjì tí iye wọn níwọ̀n. Àjèjì tí kì í ṣe ará Yúróòpù, ààyè díẹ̀ ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní fún un, ibẹ̀ sì ni wọ́n sábà máa ń fi àwọn ará Amẹ́ríkà sí. Ọmọ tiyín lè wọlé láìgba irú ààyè bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà kan wà tó ń wá páásípọ́ọ̀tù Áfíríkà kiri torí èyí nìkan.

Wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn tuntun, ti Samoa, ní 2023 láti rọ́pò ti Kútọnu. Torí náà kí aṣojú fi òfin sáà yìí àti ti ìpele kejì gan-an hàn yín. Bó bá ṣì rí bẹ́ẹ̀, owó tí wọ́n dárúkọ yẹn ṣì lè gòkè, torí ohun tẹ́ ẹ ní lọ́wọ́, àwọn ẹgbẹ́ mìíràn náà ń wá a. Kí ó sì tètè tún páásípọ́ọ̀tù ṣe bí ọjọ́ rẹ̀ bá ń sún mọ́lé.

Ẹ̀gbọ́n Agbábọ́ọ̀lù, Ìbàdàn

Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ka ìwé náà lálẹ́ àná. BAT ò sí níbẹ̀ rárá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n kọ fún ìdánwò. Mo ti ké sí aṣojú, ó ní òun máa bá ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀. Orúkọ tirẹ̀ wà lórí ìkànnì FIBA, mo dúpẹ́. Bàbá wa ti ń rọlẹ̀ díẹ̀ látìgbà tí mo ka ọ̀rọ̀ Bàbá Àkúrẹ́ àti èsì rẹ̀ sí wọn létí, wọ́n ní kí n bèèrè báwo ni ìgbé ayé níbẹ̀ ṣe rí gan-an.

Agbá-Tẹ́lẹ̀, Houston

Ẹ̀gbọ́n, èmi gbá a ní Yúróòpù àti ní Éṣíà kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí fún Bàbá.

Ìlú tí ọmọ ń lọ kò ní jẹ́ Madrid tàbí Barcelona. Ìlú kékeré ni, tí wọ́n ń ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, tí gbogbo èèyàn á mọ̀ ọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ torí gíga rẹ̀ àti àwọ̀ rẹ̀. Ìdánrawò láàárọ̀, ìdánrawò nírọ̀lẹ́, eré kan lópin ọ̀sẹ̀. Bí eré bá jẹ́ ní ìlú tó jìnnà, inú bọ́ọ̀sì lẹ ó sùn padà wálé. Ìyókù jẹ́ yàrá àti fóònù. Àwọn tí mo rí tí wọ́n pẹ́ nídìí rẹ̀, wọ́n kọ́ èdè ìlú, wọ́n jẹun pẹ̀lú àwọn ọmọ ìlú, wọ́n wá ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Àwọn tó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ìdánìkanwà lé wọn padà kí Kérésìmesì tó dé.

Kó mọ̀ pé àjèjì ni òun. Bí ẹgbẹ́ bá pàdánù léraléra, àjèjì ni ààrẹ ẹgbẹ́ kọ́kọ́ ń wò. Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kìíní ni wọ́n ń pààrọ̀ èèyàn. Ohun tó máa dá a dúró ni kó ní iṣẹ́ kan tí akọ́nimọ̀ọ́gbá lè fọkàn tán an lé lórí lójoojúmọ́. Ní yunifásítì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ni wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù fún. Níbẹ̀ yẹn, wọ́n lè ní kó máa dínà mọ́ alátakò kí ẹni tó mú bọ́ọ̀lù lè ráyè kọjá, kó máa já bọ́ọ̀lù tó ta padà, kó sì sáré padà lọ dáàbò bo apẹ̀rẹ̀ tiwọn. Kò sí àtẹ́wọ́ nínú rẹ̀. Owó wà nínú rẹ̀. Kó máa tọ́jú fídíò gbogbo eré rẹ̀, torí fídíò yẹn ni yóò wá iṣẹ́ tó kàn fún un.

Lórí ọ̀rọ̀ BAT, ẹ má gbà kí wọ́n yọ ọ́. Ẹgbẹ́ kan wà tí mi ò ní dárúkọ, ó san owó oṣù àkọ́kọ́ pé, ó san ìlàjì ìkejì, ìkẹta ò dé. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń sọ pé onígbọ̀wọ́ máa sanwó. Nígbà tó yá, wọ́n gé iná ilé tí mo ń gbé nígbà òtútù. Ohun tí mo ṣe ni pé mo kọ lẹ́tà kí n tó kúrò níbẹ̀, mo kọ iye tí wọ́n jẹ mí àti ọjọ́ tí mo fún wọn láti san án, mo sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù tó bá kàn wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ láìkọ̀wé, wọ́n á sọ pé òun ló da àdéhùn. Ẹjọ́ náà pẹ́, mo dẹ́bi fún wọn títí dòní fún ìyà tí wọ́n fi jẹ ìdílé mi nínú oṣù wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n nígbà tí wọn ò lè forúkọ ẹni tuntun sílẹ̀ mọ́, owó wọlé.

Ohun kan tún wà: òfin máa ń yí lójijì. Ní sáà 2018 sí 2019, líìgì Kòríà ní àjèjì tó bá ga ju 200 sẹ̀ǹtímítà lọ kò lè gbá. Àwọn tó ti ń jẹun níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún pàdánù iṣẹ́ torí sẹ̀ǹtímítà méjì. Wọ́n fagi lé òfin náà lẹ́yìn sáà yẹn, ṣùgbọ́n àwọn kan ti ṣí lọ. Ọmọ tiyín pẹ̀lú 203 ìbá wà lára àwọn tí wọ́n dá padà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó gbójú lé líìgì kan ṣoṣo. Bí Yúróòpù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, Puerto Rico ń gbá, àwọn kan máa ń lọ síbẹ̀ láti orísun dé ìgbà ooru. Bó bá sì wù ú láti sún mọ́lé, Basketball Africa League ti wà láti 2021, Rivers Hoopers láti Port Harcourt gba ipò kẹta níbẹ̀ ní 2024.

Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé kó jókòó sí G League, líìgì kékeré tó wà lábẹ́ NBA, títí NBA á fi pè é, ẹ bi í léèrè owó rẹ̀. Ní 2018, dọ́là 35,000 ni owó sáà kan níbẹ̀, ilé sì gbówó lórí ní Amẹ́ríkà. Fún ẹni tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà NBA gan-an, ó tọ́. Fún ẹni tí ẹgbẹ́ kankan ò tíì pè fún ìdánwò, kó lọ síbi tó ti máa gbá bọ́ọ̀lù.

Ìyá Àwọn Ọmọ, Lyon

Agbábọ́ọ̀lù ni bàbá àwọn ọmọ mi. Ẹ̀yin ọkùnrin ti sọ ti àdéhùn, ẹ jẹ́ n sọ ti owó tó bá ti dé.

Láti ìgbà tí wọ́n bá ti gbé fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù tuntun sórí Facebook ni fóònù á ti bẹ̀rẹ̀ sí dún. Ilé ẹ̀kọ́ ọmọ tibí, òrùlé tibẹ̀, ìsìnkú. Àwọn tó ń bèèrè ò burú, wọ́n nílò rẹ̀ lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọn ò mọ̀ pé owó oṣù mẹ́wàá la fi ń jẹ oṣù méjìlá, àti pé kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá iṣẹ́ á wà ní Oṣù Kẹsàn-án tó ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àkọ́bí lẹ lè gba àbúrò yín lọ́wọ́ èyí. Kí iye kan wà tí yóò máa wá sílé lóṣooṣù, kó má yí padà, kó sì gba ọwọ́ yín, kí ẹni tó bá fẹ́ nǹkan wá bá yín. Kí oṣù mẹ́fà owó oúnjẹ wà ní báńkì kó tó ra ọkọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin rere tó ń sunkún ní báńkì torí kò lè sọ pé rárá fún ìyá rẹ̀.

Bó bá sì fẹ́ láya, kó sọ òótọ́ ìṣípòpadà yìí fún un kí wọ́n tó ṣe ìdána. Àwọn ọmọ wa ti yí ilé ẹ̀kọ́ padà ju bó ṣe yẹ lọ. A fara dà á torí a jọ yàn án ni.

Oníṣègùn Orúnkún, Ìlọrin

Mo ń bá àwọn agbábọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ lórí egungun àti iṣan. Kó gba gbogbo àkọsílẹ̀ ìlera rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ yunifásítì rẹ̀ báyìí, pẹ̀lú àwọn àwòrán orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀, kó mú un dání. Bí ẹgbẹ́ bá sọ lọ́la pé àìsàn àtijọ́ ni, yóò ní ohun tó máa fi dá wọn lóhùn. Bí wọ́n bá sì ní kó ṣe iṣẹ́ abẹ, kó ní ẹ̀tọ́ nínú àdéhùn láti fi ara rẹ̀ han dókítà mìíràn kó tó gbà. Dókítà ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ ló ń sanwó fún un.

Ọmọbìnrin Àárín Pápá, Èkó

Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹgbẹ́ máa yọ̀ǹda rẹ̀ tí Nàìjíríà bá pè é. Àárín sáà ni FIBA ń fi àwọn ìdíje ìpegedé kan sí. Àwa obìnrin mọ iye rẹ̀: àwọn D'Tigress, ikọ̀ obìnrin Nàìjíríà, tó dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó kẹ́yìn ní Paris 2024, tí ẹgbẹ́ Áfíríkà kankan, ọkùnrin tàbí obìnrin, kò dé rí ní Òlíńpíìkì, láti líìgì oríṣiríṣi ni wọ́n ti kó ara wọn jọ.

Ẹ̀gbọ́n Agbábọ́ọ̀lù, Ìbàdàn

Ìròyìn ayọ̀. Ẹgbẹ́ gbà. Wọ́n ti yọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n fi wákàtí 72 rọ́pò rẹ̀ fún àyẹ̀wò ara. Wọ́n ti kọ BAT síbẹ̀, owó náà sì jẹ́ lẹ́yìn owó orí, oṣù mẹ́wàá. Bàbá wa ní kó lọ, pẹ̀lú májẹ̀mú pé kó forúkọ sílẹ̀ fún dìgírì kejì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọmọ náà ti gbà. Ìbéèrè tó kù: aṣojú ní ó nílò ìwé ìyọ̀ǹda kan kó tó lè gbá. Ṣé Abújá, lọ́dọ̀ àjọ básíkẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà, ni ká ti lọ gbà á?

Lọ́yà Ìkẹjà

Rárá, ẹ má rìnrìn àjò kankan. Orílẹ̀-èdè tó ti gbá kẹ́yìn ló ń fún un, ìyẹn USA Basketball, ì báà jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Àjọ básíkẹ́ẹ̀tì Sípéènì ló máa bèèrè rẹ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ bá fi ìwé àdéhùn ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ ní kí aṣojú rí i pé ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní kété tó bá ti fọwọ́ sí i, torí láìsí ìwé yẹn, ó lè bá wọn ṣe ìdánrawò o, ṣùgbọ́n kò lè wọ pápá lọ́jọ́ eré.